Bí Ìmígíréṣọ̀n Bá Dá Ẹni Yín Dúró ní Òkè Òkun: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe, àti Owó Tí Kì í Ṣe Tiyín

Bí físà bá jáde fún ènìyàn ní Àkúrẹ́, àwọn ará ilé a máa rò pé ó ti parí nìyẹn, pé ó ku kí wọ́n gbàdúrà ìdúpẹ́ kí wọ́n sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Òfin ibodè kò rí i bẹ́ẹ̀. Físà ń fún ènìyàn ní àǹfààní láti dé ẹnu ibodè ni. Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tí ó jókòó síbẹ̀ ni ó láṣẹ láti sọ pé kí ó wọlé, kí ó dúró ná, tàbí kí ó padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kan gbé èrò 264 láti Nàìjíríà lọ sí Jeddah ní ilẹ̀ Saudi Arabia. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní àwọn ti fagi lé físà gbogbo wọn, àti lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà dá sí ọ̀rọ̀ náà pàápàá, èrò 177 ni wọ́n dá padà sílé.

Ẹni méjì ni mo ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: ẹni tí ó ń rìnrìn-àjò, àti ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń retí ìpè rẹ̀. Mo fi ẹnì kejì kún un nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni owó ti ń jò jù. Ìdádúró ní ibodè ní owó tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ti pín owó náà sí ọrùn oríṣiríṣi ènìyàn, àwọn ará ilé tí kò sì mọ bí a ṣe pín in a máa san èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n àfi gbájúẹ̀.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Fọ́ọ̀mù físà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé àjẹ́ǹtì tàbí ọmọ kan ní káfè ni ó bá wa kún un, tí a kò sì mọ ohun tí ó kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ibodè lè ṣí ohun tí ẹ kọ wò lórí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ ń ṣe, iye tí ó ń wọlé fún yín lóṣù, orúkọ ẹni tí yóò gbà yín sílé, iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò. Kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ rárá, ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá yé yín tó, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín pamọ́. Bí àjẹ́ǹtì bá sọ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì di oníṣòwò kòkó kí owó báńkì lè bá a mu, irọ́ yẹn kò ní jẹ́ ti àjẹ́ǹtì mọ́ tí ẹ bá dé iwájú tábìlì. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí wọ́n bá rí ẹ̀tàn nínú ìwé ìbéèrè físà rẹ̀ lè má rí físà gbà mọ́ fún ọdún 10. Ní Amẹ́ríkà, irọ́ tí ènìyàn fi wá físà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn títí ayé, àfi bí ìjọba wọn bá dìídì fojú fò ó.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni bébà kan ṣoṣo tí ẹ ó fi ọwọ́ kọ. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni mẹ́ta sí i, àdírẹ́sì ilé tí ẹ ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú yín, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà yín, àti orúkọ oògùn tí ẹ ń lò. Ìdí rẹ̀ ni pé fóònù lè kúrò lọ́wọ́ yín. Ní àwọn ibi ìdádúró Ìlú Ọba, wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn mú fóònù tí ó ní kámẹ́rà wọlé. Wọ́n á gba tiyín pamọ́, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ fi òmíràn pe ilé. Kí ni ẹ ó wá fi pè bí ó bá jẹ́ pé inú fóònù tí wọ́n gbà ni gbogbo nọ́ńbà wà? Ẹ fi irú bébà kan náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà nílé, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ewé tí fọ́tò yín wà nínú ìwé ìrìnnà, ẹ̀dà físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti lẹ́tà ìpè. Inú fáìlì ni kí ó wà o, kì í ṣe inú WhatsApp nìkan, nítorí pé iná lè lọ ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ẹ yẹ ẹrù yín wò pẹ̀lú ojú àlejò. Ẹni tí físà ìbẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó wá di gbogbo sàtífíkéètì rẹ̀ láti ìwé mẹ́wàá títí dé yunifásítì FUTA sínú báàgì, yóò ṣòro fún un láti sọ pé ìgbéyàwó àbúrò òun ni òun wá ṣe. Fóònù náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibodè Amẹ́ríkà láṣẹ láti yẹ fóònù ẹni tí ó ń wọlé wò, ìránṣẹ́ kan tí ẹ̀gbọ́n kan kọ pé «tí o bá ti dé, iṣẹ́ wà nílẹ̀» sì ti tó láti ba ìrìn-àjò jẹ́. N kò ní kí ẹ máa pa ìránṣẹ́ rẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ẹ ń wá lọ, físà iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà àti irú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ pẹ̀lú ìwé dókítà. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹni tí ó ń lọ ṣe ìbẹ̀wò rà, kí ọjọ́ àbọ̀ sì bá ohun tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù mu.

Níwájú tábìlì

Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń lọ wẹ ọmọ tuntun ni mo máa ń ronú sí jù níbi yìí, nítorí pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, òótọ́ náà sì ni ó ń kó wọn sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan láti Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ, tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Manchester. Ògbufọ̀ wà lórí fóònù, òṣìṣẹ́ ń béèrè, ìyá ń dáhùn.

«Màmá, kí lẹ wá ṣe?»

«Mo wá wẹ ọmọ ni.»

«Bí ìyá ọmọ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò máa tọ́jú ọmọ náà?»

«Èmi náà ni. Kí ni mo tún wá ṣe?»

«Ìgbà wo lẹ fẹ́ padà?»

«Ó di ìgbà tí ọmọ bá rìn.»

Kò sí ọ̀kan nínú ìdáhùn wọ̀nyí tí ìyá Yorùbá kan kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà sọ. Ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́ ni pé obìnrin yìí wá ṣe iṣẹ́ alágbàtọ́ láìgba owó, àti pé yóò kọjá oṣù 6 tí àlejò lè lò lẹ́ẹ̀kan náà ní Ìlú Ọba. Bẹ́ẹ̀ ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń tẹ̀ lé kò sọ pé ìyá àgbà kò gbọdọ̀ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀; ó gbà kí ẹbí wá ran ẹbí lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, níwọ̀n bí kò bá ti di iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Nítorí náà, kí ìyá tó kúrò nílé, òun àti ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí yóò padà ní tòótọ́, kí ó sì mọ̀ ọ́n sọ: «Mo wá kí ọmọ mi tí ó bímọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fẹ́ lò. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ mi nìyí. Ilé ọmọ mi ni mo ó dé sí, òun ni yóò sì máa bọ́ mi.» Bí wọ́n bá béèrè nípa ọmọ tuntun, kí ó sọ pé òun yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ kí òun tó padà. Kò parọ́ kankan, kò sì fi ohun kankan pamọ́.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó san owó, ibi tí yóò gbé. Ẹni tí ó bá pẹ́ kọjá ọjọ́ ìkẹyìn tí ilé ẹ̀kọ́ dá fún un gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ pé àwọn ṣì ń retí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí a ń fà lẹ́sẹ̀ ni ó ń mú kí ìdáhùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀sán.

Nínú yàrá ìdádúró

Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá jókòó sápá kan, kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn ni wọ́n fi kàn yín, ẹ má sì ṣe hùwà bí ẹni tí wọ́n mú. Ní Ìlú Ọba, òfin ìmígíréṣọ̀n ti 1971 ni ó fún òṣìṣẹ́ láṣẹ láti dá ènìyàn dúró fún ìwádìí. Wọ́n á fún un ní ìwé tí wọ́n ń pè ní IS81. Bí wọ́n bá wá pinnu láti tì í mọ́lé, ìwé tí ó ń sọ ìdí rẹ̀ ni IS91R. Ẹ gba ìwé méjèèjì, ẹ má sọ wọ́n nù. Yàrá ìdádúró inú pápákọ̀ kò yẹ kí ó gba ènìyàn ju wákàtí 24 lọ, àyàfi bí ohun tí kò wọ́pọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gbé e lọ sí ibi àtìmọ́lé gidi, irú èyí tí ó wà ní Harmondsworth àti Colnbrook lẹ́bàá Heathrow. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìmọ̀ràn lọ́yà fún ìṣẹ́jú 30 lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè béèrè ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́ bí ó bá ti lo ọjọ́ 8 lẹ́yìn tí ó dé.

Ti Amẹ́ríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò tí wọ́n ń yẹ̀ wò lẹ́nu ibodè kò lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà níbẹ̀. Ìlànà àwọn òṣìṣẹ́ ibodè wọn ni pé kí ìdádúró lọ́dọ̀ wọn má sábà ju wákàtí 72 lọ. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ènìyàn wọlé, ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín wọn tóbi púpọ̀. Ọ̀kan ni pé kí ó fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun ti yọ ìbéèrè ìwọlé òun kúrò, kí ó sì padà. Èyí kò ní ìfòfindè ọdún nínú. Èkejì ni àṣẹ ìlékúrò kíákíá, tí ó ń mú ọdún 5 lọ́wọ́ ó kéré tán kí ènìyàn tó lè padà láìgba àyè pàtàkì. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ìpinnu wà, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi ìrẹ̀lẹ̀ bi í pé, «Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n yọ ìbéèrè mi kúrò?» Ẹni tí kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà kò ní béèrè.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù, àwọn tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni tí wọ́n dá padà ní fọ́ọ̀mù kan tí ìdí rẹ̀ wà níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó sì dúró fún ìdí kọ̀ọ̀kan. E ni pé ìwé kò fi ìdí ìrìn-àjò hàn tó. G ni pé owó tí yóò ná kò tó. Ó lè pe ẹjọ́ tako ìpinnu náà, àmọ́ ẹjọ́ náà kò ní dá ọkọ̀ tí ó ń gbé e padà dúró.

Níbikíbi tí ó bá jẹ́, ẹ má fọwọ́ sí ohun tí kò yé yín. Ẹ lè sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Àdéhùn Vienna ti 1963 lórí iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè, nínú abala 36 rẹ̀, ni ó fìdí ẹ̀tọ́ yẹn múlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ti mọ́lé ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu nílé ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà. Ẹni tí kò sí nínú ewu kankan, tí ẹlòmíràn inú yàrá wá ń kọ́ ní ìtàn tí yóò sọ, kí ó di etí rẹ̀.

Ẹni tí ó wà ní Àkúrẹ́

Ọkọ̀ ti balẹ̀ láti àárọ̀, ìpè kò wọlé. Ẹ kọ́kọ́ wo aago ibẹ̀: London àti Àkúrẹ́ a máa ṣe aago kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ibẹ̀ a sì fi wákàtí kan tẹ̀lé wa nígbà òtútù, New York ń fi wákàtí 5 tàbí 6 tẹ̀lé wa. Ẹ pe ẹni tí ó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀, kí onítọ̀hún bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú léèrè bóyá ó sọ̀ kalẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní ojú òpó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wá ẹni tí ìmígíréṣọ̀n tì mọ́lé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibodè kì í hàn níbẹ̀ àyàfi bí ó bá ti lé ní wákàtí 48. Bí orúkọ kò bá sì jáde ní ọjọ́ kìíní, ẹ má sọ pé ó ti sọnù.

Àárín wákàtí wọ̀nyí ni gbájúẹ̀ ń wọlé. Ẹnì kan yóò pè, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò dùn, yóò ní òun ń pè láti Heathrow, pé ọmọ yín wà lọ́wọ́ àwọn, pé kí ẹ san owó «ìdásílẹ̀» kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè mọ orúkọ ọmọ náà, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín ti gbé fọ́tò rẹ̀ sí Facebook láti Ìkẹjà, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹ wo nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò fi ránṣẹ́: báńkì Nàìjíríà ni, orúkọ ẹnì kan lásán sì ni yóò wà lórí rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n Ìlú Ọba, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù tí ń gba owó ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé lórí fóònù. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ oní-POS. Ẹ béèrè orúkọ ibi tí ọmọ wà àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀, ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín wá rí pe ibẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ aṣojú wa. Bí ó bá ní kí ọmọ bá yín sọ̀rọ̀, tí ohùn ń ké tí kò sì ṣe kedere, ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, irú orúkọ tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń pè é.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní òkè òkun, NiDCOM, wà ní Abuja, ẹ sì lè kọ̀wé sí wọn. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé inú fáìlì yẹn kún lẹ́tà náà. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà ìwé ìrìnnà nínú kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn.

Ta ni yóò san kí ni

Àjọ ICAO ni ó ń ṣe ìlànà ìrìnnà òfurufú fún gbogbo àgbáyé. Ìlànà kẹsàn-án tí wọ́n so mọ́ àdéhùn ìrìnnà òfurufú ti Chicago, ti ọdún 1944, pín owó ìdádúró báyìí: bí ó bá jẹ́ pé ìwé èrò kò pé, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ó gbé e wá ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti fà á lé e lọ́wọ́ pé kí ó gbé e padà. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé pé, tí òṣìṣẹ́ kàn kọ̀ fún ìdí mìíràn, ìjọba ibẹ̀ ni yóò san án títí di ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò gbé e padà, àmọ́ ó lè béèrè owó ọkọ̀ náà lọ́wọ́ èrò. Nítorí èyí ni tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ fi ṣe pàtàkì, torí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ lò.

Òfin Ìlú Ọba gbà kí wọ́n bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní owó ìtìmọ́lé ẹni tí wọ́n kọ̀ fún, fún ọjọ́ tí kò ju 14 lọ. Bí èrò kò bá ní ìwé tí ó yẹ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè san ìtanràn £2,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Ìkẹjà fi ń ka físà bí ẹni ń ka ìwé ìpín ogún. Ẹ má bínú sí wọn. Ó sàn kí wọ́n rí àṣìṣe ní Ìkẹjà ju kí wọ́n rí i ní òkèèrè lọ.

Bí adájọ́ Ìlú Ọba bá dá ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú onígbọ̀wọ́, onígbọ̀wọ́ náà kì í kó owó sílẹ̀ ṣáájú. Ó ń ṣèlérí iye kan ni, ìgbà tí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ bá sì da àdéhùn nìkan ni wọn yóò gbà á. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ fi owó onígbọ̀wọ́ ránṣẹ́ láti Àkúrẹ́ lóru, ẹ ti mọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Ó wá ku èyí tí ó jẹ́ tiyín. Owó lọ́yà tí ẹ fúnra yín bá gbà wà níbẹ̀, àti owó físà, nítorí wọn kì í dá a padà. Ìwé ìrìnnà tuntun, bí tàtijọ́ bá bàjẹ́ tàbí tí ó parí, di ₦100,000 fún olójú ewé 32 àti ₦200,000 fún olójú ewé 64 láti oṣù kẹsàn-án 2025. Lẹ́yìn náà ni owó ilé ẹ̀kọ́, owó ilé tí wọ́n ti san sílẹ̀, àti owó èsúsú tí wọ́n kó jẹ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni mo rò pé ó ń dunni jù, nítorí pé kò sí òfin òkèèrè kankan tí yóò bá yín dá a padà. Ìdáàbòbò ìrìn-àjò tí ẹ rà pàápàá sábà máa ń yọ ìdápadà ní ibodè sílẹ̀. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí wọ́n bá dá a padà

Ẹ jẹ́ kí ó sùn, kí ó jẹun, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n bi í àti ohun tí ó dáhùn sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìdápadà, kí ó béèrè bóyá àyè rẹ̀ ṣì wà tàbí pé wọ́n lè dá apá kan owó padà; ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní gbèdéke fún irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù físà tí yóò kún lẹ́yìn èyí, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, yóò ní ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti kọ̀ fún yín láti wọlé níbìkan rí? Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ àti ìdí tí ó wà lórí ìwé tí wọ́n fún un, kí ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí i, nítorí pé àjẹ́ǹtì tí ó bá ní kí ó kọ «bẹ́ẹ̀ kọ́» ń sọ ìdápadà ọjọ́ kan di ìfòfindè tí ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.